Ṣé o mọ ìdí tí ọgbà ẹranko fi ń tì nígbà ìjì?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé torí kí kìnnìún má baà jáde ni. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí igi tó bá wó lu ọgbà irin lè ya á. Ṣùgbọ́n igi yẹn gan-an ló léwu jù fún àlejò: ẹ̀ka lè já lulẹ̀ lójijì, ọgbà sì gbòòrò débi pé kíkó èrò jáde kì í yá.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ìjì Andrew kọlu gúúsù Florida ní Amẹ́ríkà. Nínú ọgbà ẹranko Miami, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi ló wó, ilé àwọ̀n ràgàjì tí wọ́n ń kó ẹyẹ sí sì bà jẹ́ pátápátá.

Iṣẹ́ tún pọ̀ kí ìjì tó dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà á kó ẹranko wọ ilé kọnkéré, wọ́n á tọ́jú oúnjẹ àti omi, wọ́n á di ohun gbogbo tí afẹ́fẹ́ lè gbé. Ẹranko kì í gbọ́ kíákíá. Erin tí kò bá fẹ́ wọlé, ẹ̀bẹ̀ ni. Nígbà tí ìjì Georges ń bọ̀ ní 1998, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹyẹ flamingo Miami sí. Wọ́n tẹ́ koríko gbígbẹ sílẹ̀, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gígùn náà sì fún mọ́ra wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada ìfọwọ́. Ta ló máa ráyè gba àlejò lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀?

Bí ìjì bá lọ tán pàápàá, ó dìgbà tí wọ́n bá yẹ igi, ọgbà irin àti wáyà iná wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.