Ilẹ̀ Lẹ Rà, Ẹ Kò Ra Odò: Ọ̀rọ̀ Ilẹ̀, Ẹja àti Omi ní Òkè-Ògùn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní omi tí ènìyàn yóò mu kì í ṣàn kọjá rẹ̀. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí àwa ọ̀dọ́ bá jókòó tí à ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ rírà. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, pulọ́ọ̀tì kan ní Ìbàdàn tàbí ní ẹ̀bá Èkó ni gbogbo wa ń lé. Ní báyìí tí owó ilẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ wa, tí ọ̀nà Mọníyà sí Ìsẹ́yìn sì ti dára ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ojú ti yí sí Òkè-Ògùn. Ilé kékeré kan létí omi, igi máńgòrò mẹ́ta, ọkọ̀ ojú omi kan tí a óò máa fi pẹja ní òpin ọ̀sẹ̀: àlá dáradára ni. N kò bú ẹni tí ó ń lá a, nítorí èmi náà ń lá a.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í béèrè kí wọ́n tó sanwó. Bí mo bá ra ilẹ̀ tí ó wà létí odò, kí ni mo rà gan-an? Ta ni ó ni omi? Ta ni ó ni ẹja inú rẹ̀? Ta ni ó ni ọ̀nà tí ó lọ sí etí omi?

Odò tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀

Àwọn òkè tí ó wà ní agbègbè Ṣakí ni Odò Ògùn ti ṣẹ̀. Ó ṣàn gba inú pápá ọ̀dàn Òkè-Ògùn, ó kọjá ní Abẹ́òkúta, kí ó tó wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Àwọn baba wa gbà pé Yemọja ni ó ni odò yìí, orúkọ òrìṣà náà sì ń sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá tú u: Yèyé ọmọ ẹja. Kí ìjọba kankan tó ṣòfin nípa omi, èdè wa ti sọ ọ́ pé ẹja ní ìyá tirẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá lọ sí odò, ọmọ onílé ló lọ bá nílé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà ìjọba Ààrẹ Shehu Shagari, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ dáàmù ńlá kan sórí odò náà ní agbègbè Ìsẹ́yìn. Ikere Gorge ni orúkọ rẹ̀, àjọ Ogun-Osun River Basin Development Authority ni ó sì wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Omi tí adágún rẹ̀ lè gbà tó mílíọ̀nù 690 kúbíìkì mítà. Èrò wọn ni pé yóò bomi rin oko tí ó tó 12,000 hẹ́kítà, yóò pèsè iná mànàmáná, yóò sì fún àwọn ìlú àyíká ní omi mímu. Ìjọba ológun dé ní ìparí ọdún 1983, iṣẹ́ sì falẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, iná tí a ń retí kò tàn, oko tí a ń retí kò kún. Ẹja nìkan ni kò dúró de ìjọba.

Bí omi ti ń gbilẹ̀ ni ẹja ń pọ̀ sí i. Àwọn apẹja dé láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n tẹ̀dó sí etí adágún. Epìyà ni wọ́n ń pa, àti àrọ̀, àti òbòkún. Àwọn obìnrin ń yan èyí tí kò bá tà ní tútù, wọ́n ń gbé e lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá dúró létí omi náà ní ìdájí yóò mọ̀ pé kì í ṣe ibi ìgbafẹ́ nìkan ni ó wà. Ibi iṣẹ́ àwọn kan ni.

Ẹja olómi tútù àti òfin ilẹ̀ òkèèrè

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń gbé ní ìlú ọba bi mí bóyá a lè rí ẹja tí wọ́n ń pè ní trout nínú àwọn odò orí òkè wa. Èsì rẹ̀ ni pé kò sí. Omi tútù ni ẹja yẹn fẹ́, ooru pápá ọ̀dàn wa kò sì lè bá a lára mu. Ní Kẹ́ńyà, àwọn òyìnbó amúnisìn gbé e wá ní ọdún 1905, wọ́n dà á sínú àwọn odò orí òkè tí òtútù wà, ó sì gbilẹ̀ níbẹ̀. Ní Gúúsù Áfíríkà, ìlú Dullstroom di ìlú tí àwọn olówó ti ń ra ilé ìsinmi nítorí ẹja yìí.

Ohun tí ó yẹ kí a fi ojú sí nínú ìtàn yẹn ju ẹja lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá ni ilẹ̀ létí odò tí omi òkun kì í wọ̀ ni ó sábà máa ń ni ilẹ̀ abẹ́ omi títí dé àárín odò, òun náà ni ó sì sábà máa ń ni ẹ̀tọ́ láti pẹja níbẹ̀. Ó lè ta ẹ̀tọ́ yẹn, ó lè fi yá ènìyàn, ó sì lè lé àjèjì. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbé lọ sí Òkè-Ògùn láìmọ̀. A rò pé bí ilẹ̀ wa bá ti kan omi, omi ti di tiwa.

Òfin Nàìjíríà kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ohun àmúṣọrọ̀ omi ti ọdún 1993 fi omi tí ó bá kan ìpínlẹ̀ ju ẹyọ kan lọ sí ìkáwọ́ ìjọba àpapọ̀. Odò Ògùn kan Ọ̀yọ́, ó kan Ògùn, ó kan Èkó. Òfin kan náà gbà kí ẹnikẹ́ni bu omi fún ìlò ilé àti fún ẹran ọ̀sìn níbi tí ará ìlú bá ní àǹfààní láti dé, ó sì gbà kí ènìyàn pẹja níwọ̀n ìgbà tí kò bá ta ko òfin mìíràn. Nítorí náà, apẹja tí ó ń na àwọ̀n rẹ̀ níwájú ilé yín kì í ṣe olè. Ẹ̀tọ́ tí ẹ ní láti pẹja nínú omi yẹn kò ju tirẹ̀ lọ.

Ọ̀nà tí ó gba àárín ilẹ̀

Ní oṣù kejì, àwa mẹ́rin tí a jọ kàwé jáde, tí a ti ń dá owó jọ fún ọdún méjì, lọ wo ilẹ̀ kan tí kò jìnnà sí adágún. Wọ́n ní ó tó éékà méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ẹbí onílẹ̀ ni ó mú wa lọ. Ó ní a gbọ́dọ̀ san owó náà kí ọ̀sẹ̀ tó parí, nítorí pé àwọn kan ń bọ̀ láti Èkó. Ilẹ̀ náà tẹ́ wa lọ́rùn. Ó tẹ́jú, ó gbẹ, a sì ń rí omi lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tóóró kan gba àárín rẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dán. Mo béèrè ibi tí ó lọ.

Ó ní, “Ẹ má dá ọ̀nà yẹn lóhùn. Bí ẹ bá ti mọ ọgbà yí ilẹ̀ yín ká, ẹsẹ̀ wọn yóò kúrò níbẹ̀.”

Èmi àti ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tọ ọ̀nà náà dé etí omi. A bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń tún àwọ̀n rẹ̀ ṣe, àwọn obìnrin mẹ́ta sì ń to ẹja sórí ààrò ìyanja. A kí wọn, wọ́n kí wa. Nígbà tí mo sọ ìdí tí a fi wá, bàbá náà kò bínú. Ó ní, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún tí mo ti ń gba ọ̀nà yìí ju ọjọ́ orí yín lọ. Tí wọ́n bá dí i, orí ni àwọn obìnrin wọ̀nyí yóò fi ru ẹja yí òkè yẹn po kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀kadà wà.” Ó wá nawọ́ sí igi kan tí ó wà láàárín ilẹ̀ tí a fẹ́ rà. “Ẹ rí igi yẹn? Tó bá di oṣù kẹsàn-án, ìdí rẹ̀ ni a máa ń so ọkọ̀ mọ́.”

Ọ̀rọ̀ náà ká wa lẹ́nu kò. Ilẹ̀ tí ó gbẹ táútáú ní oṣù kejì, abẹ́ omi ni ìlàjì rẹ̀ yóò wà kí òjò tó dá.

Ní ọjọ́ kejì, a lọ sí ọ̀dọ̀ olórí ẹbí náà. A dọ̀bálẹ̀, a ṣàlàyé. Bàbá wo ojú wa fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, “Ta ló rán yín? Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn kò tíì dé ọ̀dọ̀ ẹbí.”

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ọjà ẹnì kan

Lójú àwọn baba ńlá wa, ẹni tí ó wà láàyè kàn ń tọ́jú ilẹ̀ ni. Àwọn òkú ni wọ́n fi sílẹ̀, àwọn tí a kò tíì bí sì ń bọ̀ wá jogún. Èyí kò ní kí ẹbí má ta ilẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní bí a ṣe ń tà á. Nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní ọdún 1959, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé bí àwọn àgbà ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Bí olórí ẹbí nìkan bá sì tà á láìgba ohùn àwọn àgbà ẹbí, àwọn tí a fi sílẹ̀ lè lọ sí kóòtù kí wọ́n fagi lé e. Ẹ fojú inú wo ibi tí ọmọ ilé kan ṣoṣo tí ó ń tà níkọ̀kọ̀ yóò wà.

Lẹ́yìn ti ẹbí, ìjọba tún wà níbẹ̀. Òfin ìlò ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ọwọ́ gómìnà, kí ó máa dì í mú fún àǹfààní gbogbo ènìyàn. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni à ń rà, ọdún 99 ni wọ́n sì sábà máa ń kọ sínú ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní C of O. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ yìí fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà, tàbí ti ìjọba ìbílẹ̀ bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ àbáláyé ní ìgbèríko. Rìsíìtì tí ọmọ onílẹ̀ fọwọ́ sí lábẹ́ igi kò tó.

Omi kì í gbàgbé ọ̀nà rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ igi yẹn, nítorí pé ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa ya bo Ìbàdàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omíyalé tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú kan náà, ẹ̀mí tí ó lé ní 100 sì bá a lọ. Ọ̀pọ̀ ilé tí ó wó ni wọ́n kọ́ sí ojú ọ̀nà omi, ní ibi tí ó gbẹ lọ́jọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Odò Òkè-Ògùn kò yàtọ̀. Adágún dáàmù pàápàá máa ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì máa ń kún nígbà òjò.

Ohun tí ó yẹ kí ẹ béèrè

Ẹ lọ wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ní oṣù kẹsàn-án. Bí olùtà bá ní àyè kò sí fún èyí, ẹ jẹ́ kí ó tà á fún ẹlòmíràn.

Ẹ rí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí lójúkojú, kí gbogbo wọn sì fọwọ́ sí ìwé níwájú agbẹjọ́rò tí ẹ̀yin fúnra yín mú wá.

Ẹ gbé ìwé tí àwọn awọnlẹ̀ bá yà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ní Agodi, Ìbàdàn, kí wọ́n bá yín wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà. Àgbègbè dáàmù ni, ọgbà Old Oyo National Park, tí ó fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó, sì wà nítòsí. Wọn kì í jẹ́ kí ènìyàn ṣọdẹ tàbí kí ó pẹja bí ó ti wù ú nínú rẹ̀.

Ẹ bi àwọn tí ẹ bá níbẹ̀: apẹja, ẹlẹ́ja, àgbẹ̀, darandaran tí ó ń fi màlúù mumi. Ẹ̀rí wọn kò sí nínú ìwé kankan, ó sì lè ṣe yín láǹfààní ju ìwé lọ.

Ní tiwa, ẹbí náà ti ṣe ìpàdé. Wọ́n gbà láti ta apá òkè ilẹ̀ náà, èyí tí omi kì í dé, wọ́n sì gbà kí awọnlẹ̀ ya ọ̀nà apẹja sọ́tọ̀ nínú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má lè dí i láéláé. Ilẹ̀ náà kéré sí ti àkọ́kọ́, kò sì kan omi mọ́. Ọ̀kan nínú wa yọ owó rẹ̀, ó ní ilé etí omi ni òun fẹ́, kì í ṣe ilé tí a ti ń wo omi lókèèrè. A kò bá a jà. Àwa mẹ́ta tí ó kù kò tíì san kọ́bọ̀, nítorí pé èsì Agodi kò tíì dé.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, mo mọ̀ pé owó tí à ń kó jọ kò pọ̀, àti pé ẹ̀rù ń bà wá pé ilẹ̀ yóò tán kí ó tó kàn wá. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ létí odò ra àwọn aládùúgbò mọ́ ọn, àwọn tí ó ń na àwọ̀n, àwọn tí ó ń yan ẹja, àti omi fúnra rẹ̀ tí ó ń wá tí ó sì ń lọ. Bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ fún wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, wọn yóò fi àyè gbà yín. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ jẹ epìyà tútù, ẹ kò ní jìnnà sí ẹni tí yóò tà á fún yín.