Oró Inú Àpótí Ẹja

Púpọ̀ nínú àwọn òǹkàwé wa ní ọmọ tàbí ìbátan ní Ìlú Ọba tàbí ní Amẹ́ríkà, wọn yóò sì ti gbọ́ pé àwọn kan níbẹ̀ a máa sin ẹja sínú àpótí gíláàsì tí omi oníyọ̀ kún inú rẹ̀, fún ẹwà yàrá, kì í ṣe fún ọbẹ̀. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí. Ṣùgbọ́n ohun kan a máa wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀ tí ó lè dá gbogbo ará ilé dùbúlẹ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Irú iyùn kan ni. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iyùn ọrùn àwọn ọba wa ni a ń wí. Egungun gbígbẹ ni ìyẹn, kò ní oró. Èyí wà láàyè, ó rọ̀, ó sì tò bí bọ́tìnnì aláràbarà lórí òkúta, débi pé ẹni tí ó bá rí i yóò pè é ní òdòdó. Zoanthid ni àwọn amòye ń pè é. Àwọn kan nínú wọn, pàápàá ìdílé Palythoa, ní oró tí a ń pè ní palytoxin, ọ̀kan nínú àwọn oró tí ó le jù lọ tí a mọ̀.

Àwọn ará Hawaii ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà àtijọ́. Ní Hana, ní erékùṣù Maui, wọ́n ń sọ̀rọ̀ koríko òkun kan tí ń pa ènìyàn, tí ó hù níbi tí a da eérú ọkùnrin burúkú kan sí, ẹni tí ó ní ẹnu ẹja ekurá ní ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n sì wí pé àwọn jagunjagun a máa fi í kun ọ̀kọ̀. Àlọ́ ni ti ẹnu ẹja, ṣùgbọ́n ti oró kì í ṣe àlọ́. Ní ọdún 1961 àwọn onímọ̀ rí ibẹ̀, nígbà tí ó sì di 1971, Moore àti Scheuer kéde oró tí a yọ jáde. Ẹranko ni, kì í ṣe koríko.

Gbogbo ara wa ni ó ní ẹnu-ọ̀nà kéékèèké tí ń lé iyọ̀ jáde. Oró yìí a há wọn ní ṣíṣí, iyọ̀ a sì ya wọlé. Ibẹ̀ ni iṣan àti ọkàn ti ń bàjẹ́.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù ni pé omi híhó, tí àwọn ìyá wa gbẹ́kẹ̀ lé fún gbogbo ìdọ̀tí, ni ó burú jù níhìn-ín. Iná kì í tètè pa oró náà. Ooru omi ni yóò gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ní Amẹ́ríkà, ẹni kan tí ó da omi híhó sórí iyùn láti pa á fi mímí jìyà gidigidi. Nígbà tí àwọn onímọ̀ sì ra irú rẹ̀ ní àwọn ìsọ̀ agbègbè Washington, gẹ́gẹ́ bí ìròyìn wọn ti ọdún 2011, wọ́n bá oró nínú àwọn kan, wọn kò bá a nínú àwọn mìíràn, ojú lásán kò sì lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2014, ní Anchorage ní Alaska, ọkùnrin kan fi iyùn sínú àpótí rẹ̀. Lẹ́yìn wákàtí méje sí mẹ́jọ, ẹnu rẹ̀ korò bí irin, ibà dé, ara rẹ̀ rọ, ó ń wúkọ́, iṣan sì ń dùn ún. Ní oṣù kẹta ọdún 2018, ní Steventon ní Oxfordshire, ẹni mẹ́wàá ni a gbé lọ sí ilé ìwòsàn nítorí iyùn àpótí ẹja kan, àwọn tí wọ́n wá gbani là sì wà nínú wọn.

Kò sí ẹ̀rọ̀ fún oró náà. Kìkì ìtọ́jú ni dókítà lè ṣe. Nítorí náà kí ẹni tí àìsàn bá mú sọ fún dókítà pé òun fọwọ́ kan iyùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibà lásán ni wọn yóò pè é. Ẹni tí yóò fọ àpótí, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó bo ojú, kí ó má ṣe ha òkúta ní gbígbẹ, kí ó sì ṣí fèrèsé. Òkúta tí a fẹ́ sọ nù, kí a rì í sínú bílíìṣì tí a là pẹ̀lú omi, ó kéré tán fún ìdajì wákàtí, níta gbangba, kí àwọn ọmọdé àti ajá má sì sún mọ́ ọn.