“Old wives' tale”: Ìtumọ̀ àti Ìlò Rẹ̀

“Old wives' tale” ni Gẹ̀ẹ́sì máa ń pe ìmọ̀ àtọwọ́dọ́wọ́ tí wọ́n gbà pé kò ní ẹ̀rí. “Wife” tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ìyàwó. Obìnrin ni ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́, bó ṣe wà nínú “midwife”.

Ọ̀rọ̀ àbùkù ni, ẹ ṣọ́ra bí ẹ bá fẹ́ lò ó. Ní 1775, wọ́n sọ fún dókítà William Withering nípa àgbo tí ìyá àgbà kan ní Shropshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ń wo ara wíwú. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yẹ ewé inú rẹ̀ wò, ó rí i pé foxglove ló ń ṣiṣẹ́, ó sì kọ ìwé lé e lórí ní 1785. Títí dòní, irú ewé yìí ni wọ́n ti ń rí oògùn ọkàn.

Ká tó fi orúkọ yìí pe ọ̀rọ̀ àgbà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.