Omi Lára Ògiri Àjà-Ilẹ̀: Ọ̀rọ̀ Mẹ́rin fún Okùnfà Mẹ́rin

Ìṣòro kan tí ó máa ń dojú kọ ẹni tí ó bá ń túmọ̀ ìwé ìmọ̀ ilé kíkọ́ sí èdè Yorùbá ni pé gbólóhùn kan ṣoṣo, 'ògiri ń jò', ni a fi ń pe oríṣiríṣi nǹkan. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, èyí kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kọ́ni ní bí a ti í wá okùnfà omi àti bí a ti í tún un ṣe, àṣìpè a máa bí àṣìṣe: onílé a náwó lé àtúnṣe tí kò kan ohun tí ó ń ṣe ògiri rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́rin tí ó ya àwọn okùnfà wọ̀nyí sọ́tọ̀. Kò sí ìdí láti yá ọ̀rọ̀ lò.

Yàrá tí a gbẹ́ sí abẹ́ ilé ni a ń pè ní àjà-ilẹ̀. Ó wọ́pọ̀ ní àríwá Amẹ́ríkà. Ẹ jẹ́ kí a fi ìlú Chicago, níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé, ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìgbà òtútù, omi inú ilẹ̀ ibẹ̀ a máa dì. Ilẹ̀ náà a wú, a sì gbé ohun tí ó wà lórí rẹ̀ sókè. Nítorí náà ni ìpìlẹ̀ ilé fi gbọ́dọ̀ wọlẹ̀ tó íǹṣì 42, kí ó lè kọjá ibi tí òtútù ń dé. Nígbà tí a ti gbẹ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí a bá gbẹ́ ẹ síwájú díẹ̀ sí i, ó di yàrá. Amọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi, amọ̀ kì í sì í jẹ́ kí omi tètè kọjá. Omi òjò a wá dúró ti ẹ̀yìn ògiri.

1. Jíjò. Omi ń jò nígbà tí ó bá gba ojú kan tí a lè fi ìka tọ́ka sí wọlé: ibi tí kọnkéré ti là, etí páìpù tí ó gba inú ògiri kọjá, tàbí ibi tí ògiri àti ilẹ̀ yàrá ti pàdé. Àmì rẹ̀ ni pé ojú kan náà ni omi ń gbà wá nígbàkigbà tí òjò bá rọ̀. Dídí ojú náà ni àtúnṣe rẹ̀. Bí ojú náà bá gbẹ, a lè fún oje epoxy sí i, a sì le gbagidi. Bí ó bá tutù, polyurethane ni ó yẹ, nítorí pé a máa wú, a sì máa rọ̀ bí rọ́bà. Ṣùgbọ́n bí ògiri bá là ní ìbú láàárín, tí ó sì ń yọ ikùn sínú yàrá, kì í ṣe ọ̀ràn omi nìkan mọ́. Ilẹ̀ ni ó ń ti ògiri ṣubú. Ẹnjiníà ni kí a pè.

2. Sísun. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Òtítọ́ ni fún aláǹgbá, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀ fún omi. Kọnkéré àti bíríkì ní ihò tí ojú lásán kò lè rí, omi tí ó bá sì kó jọ sẹ́yìn wọn yóò sun jáde. Bí omi náà bá ga tó mítà 2, ìwọ̀n mítà 1 níbùú lóòró ògiri tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń gba ìtì tí ó tó nǹkan bí ìwúwo tọ́ọ̀nù 1.5. Ìdí nìyí tí ọ̀dà tí a bá kùn sí ojú ògiri nínú yàrá kì í fi í pẹ́ bó: ẹ̀yìn ni omi ti ń tì í. Ìta ni àtúnṣe rẹ̀ wà.

3. Fífàmu. Bí òwú àtùpà ti ń fa epo sókè, bẹ́ẹ̀ ni ògiri ń fa omi inú ilẹ̀ mu láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rinrin rẹ̀ kì í ga kọjá ìwọ̀n kan, kì í sì í dúró de òjò. Bí omi náà bá gbẹ, a fi iyọ̀ funfun sílẹ̀ lára ògiri. Ìpele ohun tí omi kò lè gbà kọjá, láàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, ni ó ń dá a dúró.

4. Sísẹ̀. Ìrì a máa sẹ̀ sára ìgò omi tútù. Bákan náà ni ó ń sẹ̀ sára ògiri tútù nígbà ooru. Afẹ́fẹ́ yàrá gan-an ni omi yìí ti wá, kì í ṣe inú ilẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí a ṣí fèrèsé sílẹ̀ kí ògiri lè gbẹ. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó kún fún ọ̀rinrin a sì túbọ̀ wọlé. Kí a ti fèrèsé, kí a lo ẹ̀rọ tí ń fa ọ̀rinrin, ni ó dára.

Báwo ni a ó ṣe dá wọn mọ̀? Kí a nu ojú ògiri gbẹ, kí a gé ọ̀rá tí ó tó ẹsẹ̀ bàtà 1 níbùú lóòró, kí a lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí a sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ 2. Bí omi bá wà ní ojú ọ̀rá tí ó kọjú sí yàrá, ìrì ni ó sẹ̀. Bí ó bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, omi náà ti inú ògiri wá: ó sun, tàbí ògiri fà á mu.

Kí a tó gbẹ́ ilẹ̀ rárá, òkè ni kí a kọ́kọ́ wò. Ṣé gọ́tà tí ń gba ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òrùlé kò dí? Ṣé páìpù rẹ̀ ń da omi jìnnà sí ìpìlẹ̀? Ṣé ilẹ̀ àyíká ilé dà gẹ̀rẹ́ síta? Ó yẹ kí ó fi sẹ̀ǹtímítà 15 relẹ̀ láàárín mítà 3 àkọ́kọ́. Àtúnṣe tí kò wọ́n nìwọ̀nyí, wọ́n sì ń pa ọ̀pọ̀ jíjò àti sísun. Bí wọn kò bá tó, nígbà náà ni a ó ri páìpù oníhò sí ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́, kí ó kó omi lọ sínú kòtò tí pọ́ǹpù yóò ti fà á dànù.

Ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ kan kù fún àwọn atúmọ̀-èdè. Kí a má ṣe kọ 'ìsun omi' fún okùnfà kejì, nítorí pé orúkọ omi tí ń sun láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni. 'Sísun' ni kí a dì mú, láìsí àmì ìsàlẹ̀ lórí rẹ̀, kí ó má baà di oorun. Bí olùkọ́ bá sì ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí, kí ó kọ́kọ́ bi akẹ́kọ̀ọ́ pé: ó jò ni, ó sun ni, ògiri fà á mu ni, àbí ó sẹ̀? Ẹni tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn ti mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.