Ṣé Idà Iná Jedi Lè Gé Vibranium?

Àríyànjiyàn tí àwọn ọ̀dọ́ Makutu, nílẹ̀ Yàgbà ní Ìpínlẹ̀ Kogí, máa ń ṣe nídìí fíìmù kò yàtọ̀ sí ti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Èkó tàbí London. Bí idà iná tí àwọn Jedi fi ń jà nínú Star Wars bá bọ́ sára vibranium, irin ilẹ̀ Wakanda inú fíìmù Black Panther, tí wọ́n ní kò sí ohun tó lè gé e, èwo ni yóò borí? Ẹni tó bá gbè sẹ́yìn idà kì í ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lẹ́nu: "Idà yẹn gbóná ju irin lọ!" Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wọ́. Àwọn wẹ́ẹ́dà kan ń sọ bẹ́ẹ̀ náà, òun sì ni wọ́n fi ń ba irin onírin jẹ́.

Ẹni tó bá ti dúró rí ní ṣọ́ọ̀bù wẹ́ẹ́dà mọ sìlíńdà méjì, ọ̀kan ti ọ́síjìn, èkejì ti gáàsì asẹtilíìnì, pẹ̀lú róòbù méjì àti tọ́ọ̀ṣì tó so wọ́n pọ̀. A kò ní fi ìyẹn gba àkókò. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni ohun tó ń gé irin gan-an. Wọ́n rò pé iná ló ń yọ́ ọ. Lóòótọ́, iná asẹtilíìnì tó pàdé ọ́síjìn ń gbóná tó nǹkan bíi 3,100°C, irin sì ń yọ́ ní nǹkan bíi 1,500°C. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé yíyọ́ nìkan ni, ojú ibi tí wọ́n gé yóò rí wúruwùru, èyí tó yọ́ yóò sì tún dì mọ́ra lẹ́yìn ọwọ́ ẹni tó ń gé e.

Ẹ wo ọwọ́ ọ̀gá tó mọṣẹ́. Yóò gbé ẹnu tọ́ọ̀ṣì sí etí irin, kò sì ní kánjú. Yóò dúró títí etí náà yóò fi pọ́n yòò, ní nǹkan bíi 900°C, nígbà tí irin ò tíì yọ́ rárá. Ìgbà yẹn ni yóò tẹ lífà ara tọ́ọ̀ṣì, tí ọ́síjìn gidi, tí kò ní gáàsì mìíràn nínú, yóò sì tú jáde láti ihò àárín. Irin fúnra rẹ̀ ló wá ń jó báyìí, bí ẹ̀yinná ṣe ń ràn nígbà tí alágbẹ̀dẹ bá fẹ́ ẹwìrì sí i. Jíjó náà ń mú ooru tirẹ̀ wá, ìdàrọ́ tó ń tibẹ̀ jáde sì ń yọ́ ṣáájú irin, ọ́síjìn á gbá a sọ̀ kalẹ̀. Òun ni ẹta iná tó máa ń tú sísàlẹ̀ tí àwọn ọmọdé fẹ́ràn láti máa wò. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé méjì, Edmond Fouché àti Charles Picard, ló gbé tọ́ọ̀ṣì yìí jáde ní 1903.

 

Ní báyìí, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kan náà sórí sitéènílẹ́ẹ̀sì. Krómíọ̀mù inú rẹ̀ náà ń jó, ṣùgbọ́n ìdàrọ́ tirẹ̀ kì í yọ́ àfi tí ooru bá kọjá 2,400°C. Yóò bo ojú irin pa, ọ́síjìn kò ní ráyè dé ìsàlẹ̀. Alumíníọ̀mù tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: òun ń yọ́ ní 660°C, awọ tó bò ó ń yọ́ ní 2,072°C, kì í sì í pọ́n kó tó yọ́. Wẹ́ẹ́dà á máa wò ó pé kò tíì ṣe nǹkan kan, àfi lójijì tí gbogbo rẹ̀ bá wó lulẹ̀. Iná tó gbóná ju irin lọ nìyẹn, kò sì gé e. Ohun tó ń múni bínú ni pé lẹ́yìn tí irú wẹ́ẹ́dà bẹ́ẹ̀ bá ti ba táńkì sitéènílẹ́ẹ̀sì olóńjẹ jẹ́, yóò ní ayédèrú ni wọ́n tà fún un, yóò sì tún gba owó iṣẹ́.

Ẹ̀rọ tó súnmọ́ idà Jedi jù lọ láyé yìí ni tọ́ọ̀ṣì plasma. Robert Gage ti iléeṣẹ́ Union Carbide ní Amẹ́ríkà gba ẹ̀tọ́ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní 1957. Iná mànàmáná ń gba inú gáàsì kọjá títí yóò fi gbóná tó 20,000°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, agbára gáàsì náà yóò sì gbá irin tó yọ́ dànù. Èyí ń gé sitéènílẹ́ẹ̀sì, ó ń gé alumíníọ̀mù. Ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ bá fi díẹ̀ jìnnà sí irin, agbára rẹ̀ ti tán nìyẹn. Kò sí ẹni tó lè mú un jù fìrì bí idà. Àwọn tó ṣe The Phantom Menace, ọ̀kan nínú àwọn fíìmù Star Wars, ní 1999 mọ nǹkan díẹ̀ nípa èyí: nígbà tí Qui-Gon, ọ̀kan nínú àwọn Jedi, ti idà rẹ̀ bọ ilẹ̀kùn irin, ńṣe ló dúró tì í, tí ilẹ̀kùn ń pọ́n, tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀.

Vibranium wá ńkọ́? Láti 1966 tó ti wọ ìwé àwòrán Marvel, iṣẹ́ rẹ̀ ni pé ó ń gbé agbára mì. Nínú Black Panther ti 2018, aṣọ T'Challa, ọba Wakanda, ń kó gbogbo ìlù tí wọ́n lù ú jọ, yóò sì tú u padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ooru kò sì ju gbígbọ̀n àwọn átọ́ọ̀mù lọ. Tí vibranium bá ń gbé ìyẹn náà mì, idà kò ní gé e. Àmọ́ agbára tó wọlé kò lè ṣòfò. Bí idà bá ṣe ń pẹ́ lára rẹ̀ ni yóò máa kún sí i, títí yóò fi tú. Ẹni tó mú idà dání ni kó bẹ̀rù. Ọ̀rọ̀ pé kò sí ohun tó lè gé e kàn jẹ́ àsọdùn, torí àwọn ará Wakanda fúnra wọn ń wà á, wọ́n ń fi rọ ọ̀kọ̀, wọ́n ń hun ún mọ́ aṣọ. Àwọn tó ni Star Wars pàápàá ti gbà pé idà wọn kì í gé gbogbo irin: nínú The Mandalorian, eré Star Wars kan, irin tí wọ́n ń pè ní beskar dá a dúró. Vibranium ló borí.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù wa ṣe pàtàkì ju ọ̀rọ̀ fíìmù lọ.

Kì í ṣe gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló ní sìlíńdà méjèèjì: ọ̀pọ̀ wẹ́ẹ́dà kò ní ti asẹtilíìnì. Inú dúróòmù ni wọ́n ti ń po kábáàdì mọ́ omi láti rí gáàsì náà. Asẹtilíìnì tí wọ́n tẹ̀ ju 15 psi lọ lè bú fúnra rẹ̀, láìsí iná, láìsí atẹ́gùn. Ìdí nìyẹn tí iléeṣẹ́ fi ń yọ́ ọ sínú ásítóònù kí wọ́n tó rọ ọ́ sí sìlíńdà, tí sìlíńdà náà kò sì gbọdọ̀ sùn sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń lò ó. Ẹ má fi páìpù bàbà gbé gáàsì yìí. Ẹ má fi gíríìsì tàbí ọwọ́ tó lóróró kan ẹnu sìlíńdà ọ́síjìn, torí ó lè gbiná. Àwọn kan tún ń yọ fáàfù tí kì í jẹ́ kí iná padà sínú róòbù, wọ́n ní ó ń dín gáàsì kù. Ìwà òmùgọ̀ gbáà ni.

Èyí tó ń pa èèyàn jù ni dúróòmù tàbí táńkì tó ti gbé pẹtiróòlù rí. "Ó ti gbẹ" kì í ṣe ẹ̀rí, torí òórùn epo tó dàpọ̀ mọ́ atẹ́gùn nínú táńkì òfìfo ló ń bú. Ẹ̀yin ọ̀gá, kí ẹ tó gbé iná sí i, ẹ fọ̀ ọ́ dáadáa, kí ẹ sì pọn omi kún inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ ibi tí ẹ fẹ́ gé. Oníbàárà tó bá ní kò sí àyè fún ìyẹn, ẹ jẹ́ kó gbé táńkì rẹ̀ lọ.