Bí Irin Ìbọn Ẹlẹ́nu Méjì Kò Ṣe Ní Máa Pa Ìka Yín Lára

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, àti ẹ̀yin tí ń ra kòkó lọ́wọ́ wọn, ẹ mọ̀ pé ọ̀kẹ́rẹ́ kì í béèrè ẹni tí ó ni oko. Bí èso kòkó bá ti ń pọ́n ní agbègbè Kùmásì, òun àti òkété yóò ti dá a lu kí olóko tó dé ìdí igi. Ọ̀yà, tí àwọn ará Àṣáńtì ń pè ní akrantie, ní tirẹ̀ a máa gé àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lulẹ̀. Nítorí àwọn wọ̀nyí ni àgbẹ̀ púpọ̀ fi ń ní ìbọn ẹlẹ́nu méjì nílé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìka àárín ọwọ́ ọ̀tún àwọn kan nínú wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá ti igbó dé: oríkèé rẹ̀ yóò ti wú, ẹ̀jẹ̀ yóò sì ti dì sí abẹ́ awọ. Ìbọn wọn fúnra rẹ̀ ni ó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí ìbọn ti rí nìyẹn, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Èyí kì í ṣe òtítọ́.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ fi orúkọ sí àwọn ẹ̀yà ìbọn náà. Ìdí ìbọn ni igi tí a ń gbé ti èjìká. Ọrùn rẹ̀ ni ibi tí igi náà ti tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọwọ́ ọ̀tún ń dì mú. Irin kékeré méjì tí ìka ń fà kí ìbọn tó dún ni a ó máa pè ní ìfà. Ti iwájú ni ó sábà máa ń yin ẹnu ọ̀tún, ti ẹ̀yìn ni ó sì ń yin ẹnu òsì. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó tẹ̀ yí ìfà méjèèjì ká, kí ẹ̀ka igi má baà fà wọ́n láìròtẹ́lẹ̀, ni irin ààbò. Ààbò ni wọ́n ṣe é fún, síbẹ̀ òun gan-an ni ó ń lu ìka.

Ẹ̀yin tí òṣùwọ̀n jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ yín yóò tètè lóye ìdí rẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ tí ó wà nínú katiríìjì kan a máa wúwo tó gíráàmù 32. Ìbọn fúnra rẹ̀ a máa wúwo ju kílò 3 lọ díẹ̀, èyí tí í ṣe ìlọ́po 100 ìwọ̀n ọta náà. Nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, bí ó ti ń ti ọta síwájú ni ó ń ti ìbọn sẹ́yìn. Ọta a máa jáde lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú eré bíi mítà 400 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí pé ìbọn wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po 100, òun yóò padà sẹ́yìn pẹ̀lú eré bíi mítà 4, tàbí kí ó lé díẹ̀. Eré ẹni tí ń sáré nìyẹn. Ẹ wá fojú inú wo irin àti igi kílò 3 tí ó sáré wá kọlu oríkèé ìka kan ṣoṣo.

Àwọn kan a máa yangàn pé ìbọn tí ó bá ń tani nípàá ni ó lágbára. Ọ̀rọ̀ lásán ni. Katiríìjì kan náà nínú ìbọn kan náà ni yóò ran ọta bákan náà, ìbáà jẹ́ pé ọwọ́ di ìbọn mú ṣinṣin tàbí pé ó dì í mú wẹ́rẹwẹ̀rẹ. Ara ayìnbọn nìkan ni ìyàtọ̀ náà yóò hàn sí.

Ohun tí ó wọ́pọ̀ jù lọ nìyí: ayìnbọn a máa sún ọwọ́ ọ̀tún síwájú jù, kí ìka ìfábẹ̀lá, èyí tí a fi ń tọ́ka, lè dé ìfà iwájú dáradára. Nígbà náà ni ìka àárín yóò fara ti ẹ̀yìn irin ààbò. Bí ìbọn bá ti padà sẹ́yìn, irin náà yóò gbá a. Ẹ fa ọwọ́ sẹ́yìn lórí ọrùn ìbọn títí kóró kòkó gbígbẹ kan yóò fi lè dúró ní àárín ìka yín àti irin ààbò. Orí ìka, níbi tí ó ti rọ̀, ni kí ẹ fi fa ìfà. Ẹ má ṣe fi oríkèé kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ di ọrùn ìbọn mú ṣinṣin bí ẹni tí ó di èèkù àdá mú láti la kòkó. Ọwọ́ òsì ni kí ó fa ìbọn wọ inú èjìká, kí ìdí rẹ̀ ti jókòó síbẹ̀ kí ẹ tó fà á. Bí àlàfo bá wà láàárín ìdí ìbọn àti èjìká, ìbọn yóò ti gba eré kí ohunkóhun tó dá a dúró, ìka ni yóò sì kọ́kọ́ bá. Ibí yìí ni àwọn tí ó ti mọ ṣakabùlà lára ti ń ṣìṣe. Ní ìsìnkú àwọn àgbà ní ilẹ̀ Àṣáńtì, ènìyàn lè na ìbọn jìnnà sí ara kí ó sì yìn ín láìfarapa, nítorí pé ẹ̀tù nìkan ni ó wà nínú rẹ̀. Ẹ má ṣe dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú katiríìjì tí ọta wà nínú rẹ̀.

Gígùn ìdí ìbọn náà ṣe pàtàkì. Ẹ ṣí ìbọn, ẹ wo ẹnu méjèèjì pé kò sí nǹkan níbẹ̀, kí ẹ tó gbé e ti èjìká. Ó yẹ kí ìka méjì lè gba àárín imú yín àti àtàńpàkò ọwọ́ ọ̀tún. Bí wọ́n bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ìdí ìbọn ti kúrú jù fún yín. Rọ́bà tí a ń fi sí ẹ̀yìn ìdí ìbọn yóò mú un gùn sí i, yóò sì dín ìpá rẹ̀ kù. Ìbọn tí ọrùn rẹ̀ tọ́ gbọọrọ a máa jẹ́ kí ọwọ́ yọ̀ síwájú ju èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lọ. Nítorí náà, ẹ nu òógùn àti òróró kúrò lára rẹ̀.

Ìka ìfábẹ̀lá náà ní ìyà tirẹ̀. Nígbà tí ó bá ń fa ìfà ẹ̀yìn, ìfà iwájú wà níwájú rẹ̀, yóò sì gbá a bí ìbọn ti ń padà. Àwọn aṣèbọn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti mọ èyí tipẹ́. Wọ́n ṣe ìfà iwájú tí ó lè tẹ̀ síwájú bí ìlẹ̀kùn, wọ́n sì mú kí etí irin ààbò ní apá ọ̀tún nípọn, kí ó rí roboto, kí ó má baà gé ìka. Ní 1894, ilé iṣẹ́ Boss ní Lọ́ńdọ̀nù gba ìwé àṣẹ lórí ìfà kan ṣoṣo tí ń yin ẹnu méjèèjì. Bí ìbọn yín kò bá ní ọ̀kankan nínú ìwọ̀nyí, ẹ yin ti iwájú ṣáájú, kí ẹ sì yọ ìka kúrò lára rẹ̀ pátápátá kí ẹ tó lọ sí ti ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe fi ìka kan ìfà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láé.

Bí ìka bá ṣì ń dùn yín, ẹ mú ìbọn tí kò ní ọta nínú lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ń rán bàtà, kí ó rán awọ rírọ̀ mọ́ ẹ̀yìn irin ààbò. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí a wé mọ́ ọn dáradára náà yóò ṣe é. Kí awọ tàbí rọ́bà náà má ṣe kan ìfà rárá.

Katiríìjì gíráàmù 28 kì í tani tó ti gíráàmù 36, ó sì tó fún ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹ ṣọ́ra fún gígùn rẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n a máa kọ 65, 70 tàbí 76 sára ìbọn. Katiríìjì 76 lè wọ inú ìbọn 70 láìsí wàhálà, nítorí pé ẹnu rẹ̀ ṣì wà ní kíká. Bí ó bá dún ni ẹnu náà yóò ṣí, tí kò ní rí àyè. Ewu èyí ju ti ìka lọ: ìbọn lè fọ́.

Ìdí tí a fi ń fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ni pé ìka tí ó ti jìyà a máa bẹ̀rù. Ayìnbọn náà yóò dijú kí ìbọn tó dún, yóò já ìfà gbà, ẹnu ìbọn yóò sì yà. Ẹran yóò gbọgbẹ́ lọ kú sínú igbó, tàbí kí ìfà kejì gbéra nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń ká kòkó nítòsí.

Bí irin bá ti lu ìka, ẹ tètè bọ́ òrùka kí ó tó wú. Ẹ fi aṣọ tí a rẹ sínú omi tútù dì í, ẹ sì gbé ọwọ́ sókè. Bí ìka kò bá ṣe é tẹ̀, tí ó wọ́, tàbí tí ó kú tipiri, ẹ má ṣe fà á. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ, kí wọ́n yà á wò bóyá egungun ti sán.

Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ títí di ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá ni òfin Gánà fi de iṣẹ́ ọdẹ, àfi ti ọ̀yà fún ẹni tí ó gba ìwé àṣẹ. Àkókò yẹn ni ó dára jù láti wọn ìdí ìbọn, láti rán awọ rẹ̀, àti láti wò bóyá ìwé ìbọn tí ẹ gbà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá kò tíì kọjá ọjọ́.