Ìdí Tí Ọyẹ́ Fi Ń Lọ Tí Ó sì Ń Bọ̀

Láti ìparí oṣù Kọkànlá títí di nǹkan bí àárín oṣù Kẹta ni àsìkò ọyẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í fẹ́ láìdáwọ́ dúró. Ó lè mú fún ọjọ́ márùn-ún, kí ó lọ, kí ooru gba ipò rẹ̀, kí ó sì tún padà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn tí ń sá kòkó mọ èyí dájú. Ìdí rẹ̀ ni pé afẹ́fẹ́ méjì ni ó ń du ilẹ̀ yìí mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn, ó gbẹ háúháú. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń pàdé kì í dúró sójú kan. Bí ti aṣálẹ̀ bá borí, ọyẹ́ a dé Èkó. Bí ti òkun bá tì í sẹ́yìn, ìhà Ṣakí ni yóò kù sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń ru òtútù bọ̀ láti aṣálẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, nítorí àsìkò òtútù ni ní Sàhárà nígbà náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2016 àti oṣù Kìíní ọdún 2018, òjò dídì tí ó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú bo yanrìn ní Aïn Séfra, ní ilẹ̀ Algeria. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà a ti máa gbóná díẹ̀díẹ̀ lójú ọ̀nà kí ó tó dé ìhín. Àìsí ọ̀rinrin ni olórí ìdí. Ìkùukùu àti ọ̀rinrin ni aṣọ tí ilẹ̀ fi ń bora lóru. Bí ọyẹ́ bá ti ká a kúrò, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án a gba ojú ọ̀run lọ. Nítorí náà ni ó fi lè jẹ́ dìgírì 18 ní Ṣakí ní ìdájí, kí ó sì kọjá 32 ní ọ̀sán ọjọ́ kan náà. Aṣọ tí ìyá fi wé ọmọ ní òwúrọ̀ kò yẹ kí ó wà lára rẹ̀ di ọ̀sán.

Púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ wá láti Bodélé ní ilẹ̀ Chad, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fi agbára gba àárín òkè Tibesti àti Ennedi kọjá. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá tí ó ti gbẹ ni ibẹ̀. Èyí tí à ń nù kúrò lórí tábìlì ti jẹ́ ẹrẹ̀ lábẹ́ omi rí.

Iná ni ewu tí ó tóbi jù. Nígbà ọyẹ́ líle ti 1982 sí 1983, iná igbó jó ọ̀pọ̀lọpọ̀ oko kòkó run ní ilẹ̀ Ghana, bẹ́ẹ̀ ni kòkó tí a bá tún gbìn kì í so títí yóò fi tó ọdún mélòó kan. Ewé tí kòkó ń wọ̀ sílẹ̀ lásìkò yìí gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí sìgá kan tí iná rẹ̀ kò tíì kú lè ràn án. Kí àgbẹ̀ ro etí oko rẹ̀ yí ká, kí ó sì gbá ewé kúrò níbẹ̀ kí ọyẹ́ tó le. Ẹni tí kò bá lè ṣe kí ó má jó ìgbẹ́, kí ó dúró de òwúrọ̀ tí ìrì bá tún sẹ̀ sórí koríko, nítorí àmì ni pé afẹ́fẹ́ òkun ti padà. Kí ó pe àwọn tí oko wọn bá tirẹ̀ pààlà, kí omi wà nítòsí, kí ó má sì kúrò níbẹ̀ títí eérú yóò fi tutù.